Ẹ́ńjìnnì alùpùpù mi ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ bí mo bá fi ìgò epo rọ́pò táǹkì

Ọmọ Iṣẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Alùpùpù oní-sílíńdà mẹ́rin ni mo ń tún ṣe, mo sì fẹ́ kí kábúrétọ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (àwọn tí ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì) máa fa atẹ́gùn ní ìwọ̀n kan náà. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe àfi kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ kò lè débẹ̀ àfi kí a gbé táǹkì kúrò. Mo wá fi rọ́bà epo so ìgò ike kan mọ́ ibi tí epo ń gbà wọ kábúrétọ̀, mo dé e pinpin, mo sì dorí rẹ̀ kodò sókè. Ẹ́ńjìnnì náà dáná dáadáa, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, ó sì kú, bẹ́ẹ̀ epo ṣì wà nínú ìgò dé ìdajì. Bí mo bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò tún dáná, yóò sì tún kú. Mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbẹ́ ìgò náà máa ń wọnú kí ó tó kú. Ohun kejì ni pé nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ó ń sáré ju bí ó ti yẹ lọ, sílíńdà kan sì ń ta pàù-pàù nínú salẹ́ńsà. Ṣé kábúrétọ̀ ni ó bàjẹ́ ni, àbí ìgò?

Àgbà Mẹkáníìkì dáhùn:

Ọmọ Iṣẹ́, fi kábúrétọ̀ sílẹ̀ ná, torí pé ẹ̀gbẹ́ ìgò tí ó ń wọnú yẹn ti sọ tẹnu rẹ̀. Epo kò lè máa jáde nínú ohun tí a dé pinpin bí atẹ́gùn kò bá rí ọ̀nà wọlé láti gba àyè tí epo fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdérí táǹkì gidi fi máa ń ní ọ̀nà tín-ín-rín tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Epo tí ó wà nínú abọ́ kábúrétọ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ kọ́kọ́ ń jó, bí ìyẹn bá sì tán láìsí òmíràn tí ó ń bọ̀, kíkú ló kàn. Nígbà tí o bá fi í sílẹ̀, atẹ́gùn á máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, epo díẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, ó di kí ó tún dáná. Níwọ̀n ìgbà tí ọrùn ìgò ti wà nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ tí ó kọjú sókè ni kí o lu ní ihò. Ihò tí ìṣó kékeré lè wọ̀ ti tó. Lu ú kí epo tó dé inú ìgò, má sì ṣe fi ìṣó gbígbóná kan ìgò tí epo ti wọ̀ rí. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu ọ̀dọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti eré àsápajúdé àti pàù-pàù yàtọ̀. Wo abẹ́ táǹkì tí o gbé sílẹ̀: bí o bá rí i pé rọ́bà méjì ni ó máa ń lọ síbi táàpù epo rẹ̀, tí ọ̀kan nípọn tí èkejì sì tín-ín-rín, a jẹ́ pé táàpù tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń fi agbára ìfàtẹ́gùn ṣí ni. Rọ́bà tín-ín-rín yẹn ti ẹnu ìfàtẹ́gùn sílíńdà kan wá, nísinsìnyí tí a sì fi í sílẹ̀ ní ìṣí, atẹ́gùn tí kò gba inú kábúrétọ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé. Epo sílíńdà yẹn wá kéré fún atẹ́gùn rẹ̀, kò jó tán bí ó ti yẹ, ìyókù ni ó ń bú nínú salẹ́ńsà. Dí i pa, tàbí kí o so ọ̀kan nínú géèjì tí o fi ń wọn ìfàtẹ́gùn mọ́ ọn, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni a sábà máa ń wọn sílíńdà náà. Bí o bá tún kábúrétọ̀ ṣe nígbà tí rọ́bà yìí ṣì wà ní ìṣí, ìwọ̀n tí o bá fi dá táǹkì padà kò ní jẹ́ ìwọ̀n tòótọ́.

Olùṣọ́ Gáréèjì dáhùn:

Bí Àgbà ti wí ni ó rí, ṣùgbọ́n ó ku bí ìgò ṣe ga tó. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sókè kábúrétọ̀ ti tó. Bí ó bá ga jù, ìwúwo epo lè borí abẹ́rẹ́ tí fúlóòtì (èyí tí ń léfòó nínú abọ́ kábúrétọ̀) fi ń dí ẹnu ọ̀nà epo, pàápàá bí abẹ́rẹ́ náà bá ti jẹ, epo á sì máa ṣàn sílẹ̀ tàbí kí ó wọ inú sílíńdà lọ bá ọ́ìlì. Sílíńdà tí epo kún inú rẹ̀ kò ṣeé fún pọ̀; bí ẹ bá tẹ ìdáná bẹ́ẹ̀, ọ̀pá písítìnì lè tẹ̀. Ẹ fi táàpù kékeré sáàárín rọ́bà, kí ẹ sì tì í gbàrà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú.

Rọ́bà tí a ṣe fún epo ni kí ẹ lò, nítorí pé rọ́bà sílíkónì máa ń wú nínú pẹtiróòlù, ike rírọ̀ tí ó mọ́ gaara sì máa ń gan. Mìlílítà 250 ti tó fún iṣẹ́ yìí, kí ohun tí yóò jó má baà pọ̀ bí nǹkan bá yíwọ́. Ẹ má ṣe so ìgò náà kọ́ sókè salẹ́ńsà. Pẹtiróòlù ń tú èéfín tí iná lè ràn mọ́ jáde kódà nínú òtútù -40 °C, èéfín náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó sì máa ń rá lọ sí ibi tí iná wà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun wà nítòsí, kí ẹ sì fi fáànù kọjú sí ẹ́ńjìnnì, torí pé èyí tí atẹ́gùn ń tù kì í pẹ́ gbóná jù bí ó bá dúró sójú kan.

Ọmọ Iṣẹ́:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ihò ìgò ti yanjú kíkú, mo sì ti dí rọ́bà tín-ín-rín náà. Eré rẹ̀ ti wálẹ̀, pàù-pàù náà sì ti dákẹ́. Ṣé mo lè lo ìgò yìí kan náà fún alùpùpù oní-ínjẹ́kítọ̀, èyí tí a ń fi agbára fọ́n epo sí i dípò kábúrétọ̀?

Àgbà Mẹkáníìkì:

Rárá o. Ọ̀pọ̀ irú wọn ń fẹ́ epo tí a fi agbára bíi bar 3 tì, pọ́ǹpù inú táǹkì ni ó sì sábà máa ń pèsè rẹ̀. Ìgò tí ó ga ní mítà 1 kò lè mú ju bar 0.07 wá, wàá ní láti gbé e ga tó nǹkan bíi mítà 40. Ohun tí à ń ṣe ni pé a máa ń gbé táǹkì náà fúnra rẹ̀ sórí ohun tí kò lè yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó fi rọ́bà tí ó lè gba agbára ínjẹ́kítọ̀ àti wáyà àsomọ́ mú un gùn. Kí o tó tú rọ́bà rẹ̀, yọ fíúsì pọ́ǹpù, kí o sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú, kí epo má baà tú sí ọ lójú.

Ó ku ẹyọ kan: bí alùpùpù kan bá jẹ́ irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, epo tí a ti pò ní ìwọ̀n tí ẹni tí ó ṣe é sọ ni kí ó wọ inú ìgò, torí pé kò ní ọ́ìlì mìíràn tí yóò dé ara písítìnì rẹ̀.