Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè pàtẹ àdìrẹ kí ẹni tó ń kọjá lè dúró wò ó?

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà o. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe l'Abẹ́òkúta. Ìyẹ́ adìẹ ni mo fi ń ya ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ní ọjà Ìtòkú níbí, kò sí wàhálà, torí pé àdìrẹ lèèyàn bá wá síbẹ̀. Àmọ́ tí mo bá gba àyè níbi ìpàtẹ ọjà l'Ékòó, wọ́n á kàn wò fìrí, wọ́n á sì kọjá.

Tábìlì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún wa. Tí mo bá ká aṣọ lé e, gbogbo rẹ̀ á rí bákan náà. Kò sẹ́ni tó máa rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tó wà lára ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà! Tí mo bá sì ta á sórí okùn, atẹ́gùn á máa ká a kò, oòrùn á sì mú kó ṣá.

Kí lẹ fi ń gbé aṣọ dúró tó ṣeé kó wọ bọ́ọ̀sì? Ṣé igi ni àbí páìpù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣiṣẹ́ lójú oníbàárà, ta ló ń bá yín gbowó? Ṣé ẹ sì máa ń kọ iye owó sára ọjà? Ọ̀gá mi ní ó ń lé èèyàn, àmọ́ lójú tèmi, ẹni tójú ń tì láti béèrè kì í dúró rárá. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ jọ̀ọ́. Tí fọ́tò àtẹ yín bá wà, inú mi á dùn láti rí i.