Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ṣé ó bójú mu kí a fi ọ̀dà pínńkì fẹ́ẹ́rẹ́ kun gbogbo inú ilé?

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn) béèrè pé:

Mo kí gbogbo yín nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó ilé. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń parí ilé oníyàrá mẹ́ta kan lọ́wọ́ ní Ìbàdàn níbí. Wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì funfun dán ògiri inú, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ti wọlé, ọ̀dà ló kù. Ohun tó wù mí ni pé kí a lo pínńkì fẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo láti pálọ̀ títí dé yàrá ìdáná, kì í ṣe pínńkì tí ń pariwo, bí kò ṣe èyí tí àlejò yóò kọ́kọ́ pè ní funfun kí ó tó jókòó tán.

Bàbá wọn kò sọ pé òun kò fẹ́, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun má baà wọ pálọ̀ kí wọ́n máa béèrè ibi tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wà. Akunlé wa ní tirẹ̀ sọ pé kíríìmù ni gbogbo ènìyàn ń lò sí pálọ̀, pé kí a kun yàrá àwọn ọmọkùnrin ní búlúù, àti pé pínńkì kì í pẹ́ ṣá. Táìlì ilẹ̀ wa jẹ́ búráùn, igi onífáníìṣì ni ilẹ̀kùn wa, gíláàsì fèrèsé wa sì jẹ́ èyí tó ṣókùnkùn díẹ̀ tó fara jọ búráùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí tàbí tí iṣẹ́ yín jẹ mọ́ ọn, ṣé àwọ̀ kan ṣoṣo yìí kò ní sú ni? Ṣé òótọ́ ni pé yóò ṣá? Kí sì ni kí n ṣe sí yàrá ìdáná?

Ọ̀gá Akunlé (Abẹ́òkúta) dáhùn pé:

Ẹ kú oríire ilé tuntun, Ìyá Ìbejì. Ohun tí akunlé yín sọ nípa ṣíṣá kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Irú pupa tí wọ́n bá fi po pínńkì ló ń pinnu bóyá yóò ṣá tàbí kò ní ṣá. Ọ̀dà funfun tí a kán pupa díẹ̀ sí ni pínńkì. Bí pupa náà bá jẹ́ ti ìpẹtà irin, ìyẹn irú pupa tó wà nínú erùpẹ̀ wa gan-an, oòrùn kò rí i gbé ṣe, sìmẹ́ńtì kò sì lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn pupa tó ń tàn yòò tí wọ́n ń tà nínú ike kékeré lọ́jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni oòrùn ń mú ṣá, bí wọ́n bá sì ti fi funfun púpọ̀ là wọ́n, ṣíṣá náà á tún yá sí i.

Ti sìmẹ́ńtì ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ní oró kan nínú tó dà bí ti omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, oró yìí a sì máa ba àwọn pupa kan jẹ́, tí ògiri yóò fi di alábàwọ́n, apá kan pínńkì, apá kan funfun. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ 28 ó kéré tán lẹ́yìn rírẹ́, kí ẹ sì ní sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, kí ẹ tó wá fi praimà, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kùn, tó ń kojú oró sìmẹ́ńtì kùn ún. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í fẹ́ kí a náwó sórí praimà. Wọ́n á ní ẹ jẹ́ kí àwọn bu omi sí ọ̀dà kí àwọn fi ṣe àkọ́kùn. Ẹ má gbà.

Ní ti iye tí ẹ máa rà, lítà kan ọ̀dà olómi tó dára máa ń kun nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10 lórí ògiri dídán, lẹ́ẹ̀kan. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 12, tí ògiri rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10, yóò gba nǹkan bíi lítà 8 fún kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò. Ẹ ṣírò ti gbogbo ilé, kí ẹ rà á pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ po ọ̀dà, kí ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà àpòpọ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kan, kí ẹ rò ó pọ̀ kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan ògiri. Nígbà tó jẹ́ pé àwọ̀ kan náà ni yóò wọ gbogbo ilé, bí garawa kan bá fi díẹ̀ pupa ju èkejì lọ, ibi tí wọ́n ti pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò tú àṣírí yín.

Àǹtí Ọ̀ṣọ́ Ilé (Èkó) dáhùn pé:

Ọ̀gá ti sọ ti ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìmọ́lẹ̀. Gíláàsì búráùn tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú rẹ̀ kọjá yóò ti pọ́n díẹ̀ kí ó tó kan ògiri, pínńkì tó bá sì ti ní yẹ́lò púpọ̀ nínú lè di àwọ̀ ọsàn mọ́ yín lọ́wọ́. Ní ilé tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ búlúù tàbí àwọ̀ ewé, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: pínńkì á rẹ̀wẹ̀sì, á sì fẹ́ di àwọ̀ eérú.

Ẹ má ṣe yan àwọ̀ láti ara káàdì kékeré tí ọlọ́dà bá nà sí yín. Bí ògiri mẹ́rin tó jẹ́ pínńkì bá dojú kọ ara wọn, ọ̀kan a máa ta àwọ̀ sí èkejì, ohun tó rọ̀ lórí káàdì á wá le lójú, pàápàá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró. Ẹ ra ike tó kéré jù, ẹ fi kun páálí ńlá méjì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gbé ọ̀kan ti ògiri tó kojú fèrèsé, kí ẹ sì gbé èkejì sí igun tó ṣókùnkùn jù nínú ilé, kí ẹ wò wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́ nígbà tí iná bá wà. (Bí kò bá sí iná, ẹ fi iná sólà yín wò ó, nítorí ìmọ́lẹ̀ yẹn náà ni ẹ óò máa rí i sí lọ́pọ̀ alẹ́.) Ẹ wo ara páálí gílóòbù yín pẹ̀lú: èyí tí wọ́n kọ 6500K sí a máa tan funfun tó súnmọ́ búlúù, kì í sì í jẹ́ kí pínńkì fẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀mí, èyí tó wà láàárín 2700K àti 3000K ló ń gbé e yọ.

Ti pé bóyá yóò sú yín, kò ní sú yín bí ẹ bá fi àwọ̀ kan náà sílẹ̀ tí ẹ kàn ń dín agbára rẹ̀ kù tàbí tí ẹ ń fi kún un. Èmi yóò dín pupa rẹ̀ kù sí ìdajì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, n óò sì jẹ́ kí ó jinlẹ̀ díẹ̀ sí i ní yàrá yín. Kí Ọ̀gá má bínú sí mi nítorí dúrọ́ọ̀mù kan ṣoṣo.

Bàbá Òkè-Ògùn dáhùn pé:

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ilé tí wọ́n bí mi sí, erùpẹ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, òun náà ni àwọn obìnrin ilé fi ń pa ògiri, n kò sì gbọ́ pé ọkùnrin kan sọ pé òun kò lè gba àlejò níbẹ̀. Funfun tí a fi àwọ̀ erùpẹ̀ là, bí Ọ̀gá ti júwe rẹ̀, kò jìnnà sí èyí. Ní ìlú Jaipur ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, lọ́dún 1876, ọba wọn ní kí wọ́n kun ìlú náà ní pínńkì láti fi gbàlejò ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọ̀ náà sì ni wọ́n fi ń pe ìlú ọ̀hún títí di òní; ó súnmọ́ àwọ̀ amọ̀ sísun ju àwọ̀ òdòdó lọ. Kí ọkọ yín wo àwòrán rẹ̀ kí ó tó tún dárúkọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun yan àga, nítorí àga aláwọ tó wúwo àti igi dúdú yóò gba ojú lára ògiri. Aṣọ fèrèsé oníléèsì aláwọ̀ wúrà ni kí ẹ sá fún; òun ló ń sọ pálọ̀ di gbọ̀ngàn ìgbéyàwó.

Ìyàwó Olùkọ́ (Lọ́ńdọ̀nù) béèrè pé:

Mo gbọ́ pé pínńkì a máa mú ara ẹni balẹ̀, àní pé wọ́n lò ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ṣé kì í ṣe yàrá àwọn ìbejì ló yẹ kí ó ti pọ̀ jù?

Àǹtí Ọ̀ṣọ́ Ilé dáhùn pé:

Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn ológun ojú omi ní Seattle lọ́dún 1979, ṣùgbọ́n pínńkì tó le gan-an ni wọ́n lò, àwọn tó tún un dán wò lẹ́yìn náà kò sì rí ohun tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Kí Ìyá Ìbejì lò ó nítorí pé ó wù wọ́n.

Màmá Olóúnjẹ (Òṣogbo) dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ yàrá ìdáná ni tèmi. Ẹ má ṣe lo ọ̀dà olómi tí kì í dán níbẹ̀, nítorí bí epo pupa bá ti ta sí i lára, ẹ óò nù ún títí, yóò kàn máa fẹ̀ sí i ni. Sátíìnì, ìyẹn ọ̀dà tó ń dán díẹ̀, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi táìlì bo ẹ̀yìn sítóòfù títí dé ibi tí ata lè ta dé. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ògiri, tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sókè, jẹ́ sátíìnì pínńkì tó jinlẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn ọmọ ń gbá, aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ á sì mú un kúrò.

Ìyá Ìbejì dáhùn pé:

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bùkún yín. Bàbá wọn ti ka ohun tí Bàbá Òkè-Ògùn kọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà, àmọ́ kí àjà jẹ́ funfun. Ṣé kí ó jẹ́ funfun báláú, àbí kí a kán pínńkì díẹ̀ sí i? Ṣé kí a kun ilẹ̀kùn náà?

Ọ̀gá Akunlé dáhùn pé:

Ẹ kán díẹ̀ sí i, nítorí funfun báláú lókè yóò jẹ́ kí ògiri dà bí ẹni pé ó ti dọ̀tí. Ẹ fi ilẹ̀kùn onífáníìṣì sílẹ̀ bó ṣe wà, ó bá pínńkì mu. Mo gba ti Àǹtí pé kí agbára àwọ̀ yàtọ̀, bí kò bá ti ju oríṣi mẹ́ta lọ, tí oríṣi kọ̀ọ̀kan ní dúrọ́ọ̀mù tirẹ̀, tí wọ́n sì pàdé níbi férémù ilẹ̀kùn, kì í ṣe ní àárín ògiri. Kí ẹ sì gbìyànjú kí iṣẹ́ náà parí ṣáájú ọyẹ́, nítorí eruku rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tí kò tíì gbẹ.