Coneflower mi kàn ń yọ ewé ni, kò yọ òdòdó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tiwa (Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo):
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé, ẹ kú òjò yìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Maryland l'Amẹ́ríkà ló gbé kóró òdòdó kan wá fún mi nígbà tó wálé, purple coneflower lorúkọ ẹ̀, àwọn míì ń pè é ní echinacea. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ẹ̀ ẹ máa dá a mọ̀, àwọ̀ àlùkò ni, ewé òdòdó yẹn máa ń tẹ̀ wálẹ̀ bíi síkẹ́ẹ̀tì, àárín ẹ̀ á wá ga sókè, á le, á ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tí àwọ̀ ẹ̀ jọ ti ọsàn. Ó wù mí gan-an ni, àbúrò mi ní níwájú ilé àwọn, oyin àti labalábá kì í kúrò lórí ẹ̀.

Mo gbìn ín, ó sì hù. Díẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, díẹ̀ wà nínú ike pẹ́ǹtì tí mo lu ihò sí nídìí. Àwọn tó wà nílẹ̀ ti lé lọ́dún kan báyìí, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, wọ́n fẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, àmọ́ wọn ò gbé ọ̀pá sókè rárá ká tó wá máa sọ ti òdòdó. Àwọn tinú ike ní tiwọn, látìgbà tí òjò ti ń rọ̀ léraléra yìí ni ewé wọn ti ń pọ́n, àwọn kan ti kú, mo fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò ẹ̀ ti dúdú ó tún ń rùn. Ṣé ilẹ̀ Òṣogbo ni ò gbà á ni? Oòrùn ń dé ibẹ̀ látàárọ̀ títí di bí aago mẹ́ta ọ̀sán o. Ẹni tó bá ti gbìn ín rí kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn, mi ò fẹ́ kó parẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Alhaja Ọjà Ọba:
Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀ o. Ẹ bu ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbẹ sí i dáadáa, ohun tí mo máa ń ṣe fún rósì mi nìyẹn tí kò bá fẹ́ yọ òdòdó, kì í pẹ́ tó fi ń dáhùn.

Bọ̀dá Káyọ̀dé (Ọ̀nà Gbọ̀ngán):
Alhaja ẹ má bínú sí mi o, mi ò ní gbà wọ́n nímọ̀ràn ìgbẹ́ adìẹ. Rósì ń jẹun púpọ̀, ó yẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú pápá àti igbó tí ò ki ní àárín àti ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ni coneflower ti wá, ilẹ̀ tí kò sanra jù ló mọ́ ọn lára. Tóúnjẹ bá pọ̀ jù fún un, ewé lá máa fi ṣe, ọ̀pá tó bá sì yọ á rọ̀, òjò kan péré á dà á wó. Ẹ̀kúnwọ́ ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó ti tó o.

Ìyá Tiwa, tinú ike yẹn ló dùn mí jù. Gbòǹgbò tó dúdú tó tún ń rùn, omi ló rà á. Òdòdó yìí lè fara da ọ̀dá ju kó fara da ẹrẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ike yẹn ṣe tóbi tó, tó bá jẹ́ ike pẹ́ǹtì lítà 4 ni ó kéré jù, gbòǹgbò ẹ̀ fẹ́ jíjìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán, ike lítà 20 ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ihò kan láàárín ò tó, ẹ lu ihò bíi márùn-ún sí mẹ́fà yí ìdí ẹ̀ ká, kẹ́ ẹ wá gbé e lé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, torí tí ìdí ike bá ti lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì báyìí ihò yẹn á dí, omi á jókòó síbẹ̀, ẹ̀yin á máa rò pé ó ń jáde. Ẹ má gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀ lásìkò òjò.

Ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi kún ike yẹn ńkọ́? Ẹ má lọ wa ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé sínú ẹ̀ lásán, tó bá mumi tán á ki, á dì. Ọ̀nà méjì ilẹ̀ dúdú, ọ̀nà kan yanrìn tó rí ṣákaṣàka tí àwọn bíríkìlà ń lò, ọ̀nà kan ajílẹ̀ tó ti jẹrà, ẹ pò ó pọ̀. Kẹ́ ẹ tó bomi rin ín ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ yẹn dé oríkèé kejì, tó bá ṣì tutù ẹ fi í sílẹ̀. Lásìkò òjò báyìí mi ò rò pé ẹ máa nílò àtibomi rin ín rárá, ńṣe ni kẹ́ ẹ gbé ike yẹn sábẹ́ etí òrùlé níbi tí oòrùn ti ń dé àmọ́ tí ọ̀wààrà òjò ò ní bọ́ lé e lórí tààrà. Ẹ rántí pé omi etí òrùlé náà lè ro sí i o, kẹ́ ẹ tì í wọlé díẹ̀.

Àwọn tó wà nílẹ̀, tí ibẹ̀ bá máa ń rọ̀gún omi lẹ́yìn òjò, ẹ kọ ebè pẹlẹbẹ fún un, kó ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 20, kẹ́ ẹ lọ́ ọ sórí ẹ̀. Ìdí ibi tí ewé ti ń yọ yẹn ò gbọdọ̀ wọlẹ̀, tẹ́ ẹ bá bò ó mọ́lẹ̀ á jẹrà. Bákan náà tẹ́ ẹ bá fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ẹ má jẹ́ kó kan ìdí ẹ̀.

Ìyá Tiwa:
Bọ̀dá Káyọ̀dé ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á máa bá yín ṣe é. Ike lítà 4 ni lóòótọ́. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ àwọn tó wà nílẹ̀ yẹn omi ò dúró níbẹ̀ o, orí òkè díẹ̀ ni, ara wọn sì le. Kí ló dé tí wọn ò yọ òdòdó?

Tíṣà Báyọ̀lọ́jì (Ògo-Olúwa):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Gbogbo ohun tí Bọ̀dá Káyọ̀dé sọ nípa omi òótọ́ ni, mi ò ní tún un sọ. Ohun tí mo rò pé ó ń dí òdòdó lọ́wọ́ níbi tẹ́ ẹ gbìn ín sí ni bí ọ̀sán àti òru wa ṣe gùn tó.

Coneflower máa ń ka wákàtí ìmọ́lẹ̀ kó tó gbé ọ̀pá òdòdó sókè. Ó fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó bíi wákàtí 13 sí 15 lójúmọ́. Ní Maryland tó bá di June ojúmọ́ wọn máa ń tó bíi wákàtí 15, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún àbúrò yín. Níbí ńkọ́? Òṣogbo ò jìnnà sí agbedeméjì ayé, ojúmọ́ tó gùn jù lọ́dún, ní June náà, kò ju wákàtí 12 àbọ̀ àti díẹ̀ lọ, tó bá di December kò tiẹ̀ pé 12. Nítorí náà oòrùn wa mú dáadáa o, ooru wà, ilẹ̀ dáa, àmọ́ igi òdòdó yẹn ń wò ó pé àsìkò ò tíì tó, ewé ló máa tẹ́ sílẹ̀ tí á máa dúró.

Ẹ wo sunflower inú igbó, òdòdó yẹ́lò yẹn tó máa ń bo ẹ̀gbẹ́ títì wa ní bí October sí November. Ṣé ẹ rí i kó yọ báyẹn ní April rí? Tí ojúmọ́ bá ti ń kúrú ló máa ń yọ ní tiẹ̀. Ẹbí kan náà lòun àti coneflower, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ojúmọ́ kúkúrú nìyẹn ń fẹ́, tiyín ń fẹ́ èyí tó gùn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ò ṣòro. Ẹ fi iná kún ọ̀sán fún un. Gílóòbù LED kékeré kan, ẹ gbé e kọ́ sókè ẹ̀, kó mọ́lẹ̀ tó èyí tẹ́ ẹ lè fi kàwé nísàlẹ̀, ẹ tàn án kí ilẹ̀ tó ṣú, kẹ́ ẹ pa á ní bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́. Ẹ má jẹ́ kó tàn mọ́jú o, ó ń fẹ́ òkùnkùn díẹ̀ náà. Tí àwọn NẸ́PÀ ò bá dúró ire, ẹ lo ti sólà, àmọ́ kó jẹ́ èyí tó ń tàn gbọnrangandan, kì í ṣe èyí tó jẹ́ pé tẹ́nì kan bá kọjá ló ń tàn. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́ láìfo. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fún un ní oṣù méjì sí mẹ́ta. Èyí tó ti lé lọ́dún kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe é fún, torí èyí tó bá kéré púpọ̀ ò ní dáhùn, àní lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀ gan-an èyí tí wọ́n fi kóró gbìn sábà máa ń dúró dọdún kejì kó tó yọ òdòdó.

Alhaja Ọjà Ọba:
Háà, iná fún òdòdó! Mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹ ṣé o tíṣà, mo ti kọ́ nǹkan lónìí.

Ìyá Tiwa:
Tíṣà ẹ ṣeun o, ọkàn mi balẹ̀. Iná sólà kan wà níwájú ilé tó ń tàn gbọnrangandan, màá ní kí wọ́n yí ojú ẹ̀ sí ọ̀dọ̀ fẹ́ǹsì. Ìbéèrè méjì ló kù. Mo ṣì ní kóró ẹ̀ díẹ̀, báwo ni mo ṣe máa ṣe é táwọn púpọ̀ á fi hù, torí ti àkọ́kọ́ yẹn èyí tó pọ̀ jù ni ò hù. Èkejì, ẹnì kan láyìíká sọ pé oògùn òtútù ni, pé kí n já ewé ẹ̀ kí n fi sàgbo fọ́mọ.

Bàbá Eléwé (Ayétòrò):
Ìyá Tiwa, ẹ má ì tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni pé àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi gbòǹgbò echinacea ṣe oògùn látọjọ́ pípẹ́, ó sì wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn káàkiri àgbáyé lónìí fún òtútù àti ikọ́. Àmọ́ àwọn dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, èsì wọn ò bára mu, àwọn kan ní ó ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, àwọn kan ò rí nǹkan kan. Ẹbí kan náà ló wà pẹ̀lú ewúro, yánrin, wọ́rọ̀wọ́ àti imí eṣú, ẹni tí ara ẹ̀ kì í bá gba irú ẹbí yìí, ara ẹ̀ lè sú tàbí kójú wú. Àgbo tá a jogún, a mọ ìwọ̀n ẹ̀, a mọ ẹni tá ò gbọdọ̀ fún. Eléyìí àjèjì ni sí wa. Ọmọdé ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tá a ó fi dán an wò, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí òtútù bá mú un.

Tíṣà Báyọ̀lọ́jì:
Bàbá ẹ ṣeun sà, ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró sí nìyẹn.

Ti kóró: òtútù ló ń jí i. Nínú yìnyín ló ti máa ń sùn nílé ẹ̀, àwa ò sì ní irú ẹ̀, ọyẹ́ wa ò tó. Ẹ rin tíṣù pépà, ẹ fún omi ẹ̀ dànù kó kù díẹ̀, ẹ ká kóró yẹn sínú ẹ̀, ẹ kó o sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Inú fíríìjì lásán o, kì í ṣe ibi tó ń dì. Tí iná bá lọ, ẹ má ṣí i lemọ́lemọ́. Lẹ́yìn náà ẹ fọ́n ọn sórí ilẹ̀, ẹ bu ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, torí ìmọ́lẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ láti hù. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín ọjọ́ 10 sí 20. Ẹ ṣọ́ ìgbín àti tata nígbà tó bá ṣì kéré, alẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ tán.

Bọ̀dá Káyọ̀dé:
Èmi á fi kún un pé ìparí September ni kẹ́ ẹ gbìn ín, kó rí òjò ìkẹyìn mu díẹ̀ kó tó kan ọyẹ́. Èyí tó bá ti fìdí múlẹ̀ máa ń fara da ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tinú ike nìkan lẹ máa fún lómi bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí àbúrò yín tó tún gbé kóró míì wálé, kó béèrè ìwé ẹ̀rí pé kò ní kòkòrò àti àrùn, torí ìjọba ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní pápákọ̀ òfurufú.

Ìyá Tiwa:
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ọ̀la ni màá pààrọ̀ ike yẹn. Ewé tó ti pọ́n ńkọ́, ṣé kí n gé e?

Bọ̀dá Káyọ̀dé:
Ẹ gé èyí tó bá pọ́n tàbí tó ní funfun bí ìyẹ̀fun lórí, ẹ sun ún, ẹ má dà á sórí ajílẹ̀. Àwọn tí gbòǹgbò wọn ti dúdú ẹ kó wọn dànù tilẹ̀tilẹ̀, ẹ má lo ilẹ̀ inú ike yẹn mọ́. Tí òdòdó bá dé, ẹ máa gé èyí tó ti gbẹ lókè ewé kó lè yọ òmíràn, kẹ́ ẹ fi àwọn tó kẹ́yìn sílẹ̀ kó gbó kẹ́ ẹ lè rí kóró mú. Tó bá tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, tó sì ti fẹ̀ dáadáa, ẹ hú u, ẹ pín in sí méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ fún Alhaja ní tiwọn.

Alhaja Ọjà Ọba:
Mo ń retí ẹ̀ o, màá ra iná tèmi sílẹ̀.