Ínsúlíìnì fún aláìsàn tí kì í jẹun tán: ṣáájú oúnjẹ ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ìyá àgbà kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tó ní àtọ̀gbẹ. Dókítà kọ ínsúlíìnì, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, fún wọn: èyí tó ń pẹ́ lára lálẹ́, àti èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ ṣáájú oúnjẹ. Nígbà míì wọ́n á jẹun tán. Nígbà míì, díẹ̀ báyìí, ẹnu wọn á kọ̀ ọ́, abẹ́rẹ́ á sì ti wọlé. Ṣúgà wọn ti já wálẹ̀ sábẹ́ 70 mg/dL rí, wọ́n ń làágùn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Gúlúkóòsì gíráàmù 15 la fún wọn, a tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó gòkè. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí, mi ò fún wọn lábẹ́rẹ́ àfi tí oúnjẹ bá dé iwájú wọn. Dókítà náà ti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá jẹun dáadáa, ṣúgà á fò sókè.

Ṣé ẹ máa ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ ní kété tí wọ́n bá jẹun tán, bí oúnjẹ tó wọlé bá ṣe pọ̀ tó? Báwo sì ni kí n ní kí dókítà kọ àṣẹ náà, kí nọ́ọ̀sì tó bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi má ṣì í lóye?