Owó ṣọ́ọ̀bù N360,000: báwo la ṣe ń pín in?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ tó fẹ́ san N360,000 owó ṣọ́ọ̀bù lóṣù Kejìlá, tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kìíní, báwo ni kó ṣe tọ́jú ẹ̀ tí kò fi ní ná an?

Ìyá Alájọ: Ẹ má pín in sí 12. Oṣù 10 ni kẹ́ ẹ lò, kí méjì wà fún àìsàn àti ìgbà tí ọjà bá dákẹ́. N36,000 lóṣù nìyẹn, N1,200 lójúmọ́. Ojú 31 ló wà lórí káàdì àjọ: 30 tiyín, ẹyọ kan tèmi, hàhà! Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fò, ẹ san méjì lọ́jọ́ kejì.

Abẹ́rẹ́: Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé alẹ́ ni wọ́n ń yọ owó àjọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti ra oúnjẹ. Látinú owó oníbàárà àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́. Kí owó òwú àti sípù sì wà nínú àpò ọ̀tọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ṣọ́ọ̀bù lẹ máa fi ra òwú.

Ọmọ Ọjà: Bó bá jẹ́ èsúsú ẹlẹ́ni 10, ẹ bẹ̀bẹ̀ kẹ́ ẹ kó kẹ́yìn. Ẹni tó bá kó lóṣù Kejì, aṣọ òde ló máa gbé e.