Mo pààrọ̀ fíltà epo, ọkọ̀ ò gbáná mọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹ́káníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkèsà ní Iléṣà ni mo wà. Toyota Corolla 2005 ni ọkọ̀ náà. Òun ni mo fi ń gbé ìyá mi lọ gba ìtọ́jú ní Ifẹ̀, ìdí nìyẹn tí ara ò fi rọ̀ mí.

Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ náà kàn ń fà sẹ́yìn bó bá ń gun òkè ni. Mo wá tú ìjókòó ẹ̀yìn, mo yọ páǹpù epo látinú táǹkì, mo pààrọ̀ fíltà, mo sì fọ àsẹ́ kékeré tó wà nídìí rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú ló dì mọ́ ọn. Ìta gbangba ni mo ti ṣe é, mo sì kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, torí bẹntiróòlù kì í ṣe nǹkan eré. Láti ìgbà tí mo ti dá a padà, ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń yí, kò gbáná.

Bátìrì le dáadáa, fíúùsì ò jó. A ń gbọ́ ìró páǹpù bí mo bá ń yí kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú páìpù epo níwájú, epo kàn ń ro tó-tó-tó ni, kò tú jáde. Mo yọ plọ́ọ̀gì kan, èyí tó ń tanná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, wò, ó gbẹ táútáú.

Ọkàn mi ń lọ sí rọ́bà rìbìtì kékeré tó wà láàrin páǹpù àti ilé fíltà. Bí kò bá jókòó dáadáa, ṣé epo ò ní máa padà sínú táǹkì? Àbí ayédèrú ni fíltà tuntun yìí? Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó tún táǹkì ṣí? Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta rọ́bà yẹn ní Iléṣà tàbí Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀.