Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé ká ra gíláàsì VR fún kíláàsì maths?

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará. Maths ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14. Tá a bá ti dé orí kúbù, sílíńdà àti kọ́ọ̀nù báyìí, wọ́n á kàn máa wò mí ni. Mo ya kọ́ọ̀nù sójú bọ́ọ̀dù, ọmọ kan ní tiráyáńgù lòun rí, ọmọ náà ò sì purọ́. Iléèwé wa wá fẹ́ ra gíláàsì VR méjì, èyí tí wọ́n ń dé sójú láti rí àwòrán bíi pé wọ́n wà nínú ẹ̀, ọmọ 35 ló wà ní kíláàsì. Ṣé ó máa wúlò? Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn gan-an.

Bọ̀dá Jọ́mẹ́tírì: Ẹ má tíì ra nǹkan kan mà. Ẹ fi áàpù GeoGebra 3D Calculator sórí fóònù yín, ọ̀fẹ́ ni, AR (tó ń fi àwòrán kún ohun tí kámẹ́rà ń rí) wà nínú ẹ̀, ẹ kọjú kámẹ́rà sí tábìlì, kọ́ọ̀nù á jókòó síbẹ̀ bíi pé ẹ gbé e kalẹ̀ ni, àwọn ọmọ á sì máa rìn yí i ká. Ibi tó dùn jù ni kẹ́ ẹ fi pílénì (ojú pẹrẹsẹ bíi bébà) gé e o. Ẹ gé e ní ìbú, òbírí ló máa yọ, ẹ jẹ́ kí pílénì náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ó di ellipse (bí òbírí tí wọ́n fà gùn), tí pílénì bá wá ń lọ lọ́gbọọgba pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀nù, parabola (ìlà tó tẹ̀ tí ẹnu ẹ̀ ṣí sílẹ̀) dé nìyẹn! Àmọ́ kì í ṣe gbogbo Android ló ń gbé AR o, ó gbọ́dọ̀ lè lo ARCore, ètò Google tó ń mú kí AR ṣiṣẹ́.

Màmá Tèmi: Òótọ́ ni. VR máa ń kọ́ èèyàn lóòyì, torí ojú ń sọ pé à ń rìn, inú etí ní a jókòó. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, kí wọ́n jókòó, kó má pẹ́ lójú wọn.

Alágbà X: Àbúrò mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn máa wòran. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: tá a bá sọ réédíọ́ọ̀sì sílíńdà di ìlọ́po méjì, tí gíga ẹ̀ ò yí padà, ìlọ́po mélòó lomi tó máa gbà? Ọ̀pọ̀ á ní méjì. Ẹ wá fà á lójú fóònù kí wọ́n rí i pé mẹ́rin ni, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi πr²h, fọ́múlà bí ohun tí sílíńdà ń gbà ṣe pọ̀ tó, wá ìdí ẹ̀ nínú ìwé.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an! Mo ti gbìyànjú ẹ̀ báyìí, kọ́ọ̀nù wà lórí tábìlì mi! Fóònù kan ṣoṣo ni mo ní ṣá, ṣé mo lè so ó mọ́ projector?

Bọ̀dá Jọ́mẹ́tírì: Ó ṣeé ṣe mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ kan mú fóònù dání máa rìn, kí àwọn tó kù máa sọ ibi tó máa gbà fún un.